Ìwé Ọjọ́ Ẹtì Tí Mo Ń Fọwọ́ Sí

                                        Yàrá Kejì, Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àárò wa. Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ní tiwa, a wà, a ò ṣàìsàn, ó kàn rẹ̀ mí ni. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti bébà yìí, tí mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi ni. Ẹ mọ̀ pé etí rẹ̀ ò gbọ́ ohùn, àti pé tíṣà kan ń kọ́ òun àti àwọn márùn-ún bíi tirẹ̀ ní èdè ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tún kíláàsì tó wà ṣe. Bí kò bá yege ní òpin táàmù yìí, wọ́n ní kí n máa mú un lọ sílé. Kí ẹ̀kọ́ náà má baà mẹ́hẹ ni àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní kí àwa òbí máa mójú tó o. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìwé kan á wà nínú báàgì ọmọ, tó sọ iye ìgbà tí tíṣà wá. Òbí á kà á, bó bá jẹ́ òótọ́, á fọwọ́ sí i.

Èmi tí mo ń ránṣọ láti òwúrọ̀, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti máa ń fọwọ́ sí i, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Mi ò kà á rí. Ṣebí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni, mo rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òbí yan èmi àti káfíńtà kan tí ọmọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, pé ká lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. A débẹ̀ lákòókò èdè ọwọ́, àwòrán ni àwọn ọmọ ń kùn. Obìnrin tó jókòó tì wọ́n ní tíṣà ti lọ bímọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi. Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá náà ò bá mi jà. Ó ṣí fáìlì, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Ìwé mẹ́sàn-án. Akọ̀wé wọn ti kọ "ẹ̀ẹ̀mẹta" sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, òun ọ̀gá náà ò yẹ̀ ẹ́ wò, ìfọwọ́sí mi sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti béèrè tíṣà mìíràn," ó ní. "Àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ní ẹ̀yin òbí fúnra yín lẹ ń jẹ́rìí pé tíṣà ń wá."

Mo pa fáìlì náà dé, mo sì dìde.

Lọ́nà, káfíńtà ní ká pa á mọ́ra, pé bí a bá sọ pé a fọwọ́ sí irọ́, a ó di ẹlẹ́yà. Mi ò bá a bínú, ojú ń tì í ni, ojú ń ti èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lánàá ni mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ pé irọ́ ni ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, èmi ni mo fọwọ́ sí wọn láìkà wọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi tíṣà ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni táàmù kù. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tó.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún ìyá wa pé aṣọ rẹ̀ ti parí, kó má bú mi mọ́.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ lánàá ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó yọ ìwé ọ̀sẹ̀ yìí, ó fi bírò sí mi lọ́wọ́, ó fi ìka han ibi tí mo ti máa ń fọwọ́ sí, ó sì ti ń yí padà lọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú kó dúró, mo sì kà á. Ìlà mẹ́rin ni. Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, kíkà rẹ̀ ò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

                                        Ọmọ ìyá yín ni mí,
                                        Aránṣọ.