Màámi àti Àwọn Adìyẹ

                                        Ilé Oníyẹ̀fun,
                                        Ẹ̀yìn Kànga.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín ti yọ lẹ́nu ẹ̀? Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ṣé ó ti rọ̀ yín lọ́rùn díẹ̀? Àlàáfíà la wà níbí. Èmi náà wà, bí ẹ bá lè ka ojú tí mo máa ń fà ro sí àlàáfíà.

Ẹ mọ̀ pé àtìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, èmi ni mò ń ru àgbàdo tí Màámi fi ń ṣe ìyẹ̀fun lọ síbi ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ ní abúlé kejì. Kí n tó padà dé, ilé ìwé ti jáde. Ọrùn mi ti fẹ́ wọnú lọ bíi ti ìjàpá. Nítorí ẹ̀ ni Màámi ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń dáwó jọ, tí wọ́n sì ń yá ara wọn lówó, kí Màámi lè ra ẹ̀rọ tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ẹ̀rọ bá dé, mo padà sí kíláàsì nìyẹn.

Àmọ́ òfin kan wà. Ẹni tó fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ dìde fúnra ẹ̀, kó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Àwọn ọkọ kan ló fà á, tí wọ́n rán ìyàwó wọn wá yáwó, tí wọ́n lọ fi ra alùpùpù. Ìyá ẹgbẹ́ ní ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé. Ẹ sì mọ Màámi: bí èèyàn bá kí wọn láwùjọ, orí ni wọ́n fi ń dáhùn.

Ni Màámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn adìyẹ wa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Láràárọ̀, wọ́n á da ọkà sílẹ̀, wọ́n á wú ikọ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín o." Ojú tì mí! Mo gbàdúrà káwọn aládùúgbò má gbọ́. Wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Màámi dìde. Wọ́n la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń rí ẹrù lórí ara mi títí dọjọ́ ogbó. Ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹlẹ́nu mímú tó múlé tì wá, bá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí adìyẹ, bóyá á sọ̀rọ̀. Kọ́-kọ́-kọ́!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

Àfi bí Màámi náà ṣe rẹ́rìn-ín. "Àwọn adìyẹ tèmi gbọ́n jù yín lọ, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ mi!" Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí ọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ, àwọn tó máa wá lọ àgbàdo, bí àwọn á ṣe máa dá owó padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹrù tó yẹ kí ẹ̀rọ rù, ọrùn ọmọ mi ló wà." Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ò sí nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún adìyẹ. Èmi ni mo mọ̀, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.

Ẹ̀rọ ti dé. Mo ti padà sí kíláàsì, àárín àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún mi ò gba abẹ́ tábìlì, inú sì ń bí mi. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, ẹ bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu.

Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Màámi. Ó ń wù mí, àmọ́ ẹnu mi kọ̀. Adìyẹ ni mo ṣì fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni àbúrò yín tí ọrùn ẹ̀ ti fúyẹ́,
Afajúro.