Ogun Kọ́ Ló Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Yàrá tí kóòtù fi èmi ẹlẹ́rìí sí ní fèrèsé méjì, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì rọ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ ni mo wá wá?

Lánàá ni wọ́n mú àbúrò bàbá wa wọlé, ọ̀gágun yín. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Ni lọ́yà wọn bá fò dìde, ó ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí apààyàn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo mọ̀ yín.

Ẹ ní ogun ló pa àwọn ará àdúgbò wa nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Adájọ́ ní kì í ṣe ogun ló wà níwájú òun, èèyàn ni. Ó bi mí pé ta ló ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọ̀gágun pàṣẹ. Mo ní èéfín ò jẹ́ kí n ríran. Ó ní wọn ò tíì dáná sun ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn. Ọ̀la ni wọ́n á tún bi mí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹ kí àwọn ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
àbúrò yín tí ẹ fà jáde kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.