Ta Ló Ta Idà Mi?

Ọ̀nà Ìjàgbó,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Olúwatófúnmi,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú iṣẹ́ ilé ìwòsàn, mo sì kí ọ kú òtútù Kánádà tí èmi kò mọ bó ṣe rí. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń ké nígbàkígbà tí mo bá dìde. Mo mọ̀ pé o ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Daddy ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Etí màmá rẹ mú, ògiri ilé wa kò sì nípọn. Rídwàn tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ni yóò bá mi ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Nípa géèmù tí o fi sílẹ̀ fún mi, kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin lè gbádùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí ìkánjú: èmi ṣe tèmi, ọ̀tá ṣe tirẹ̀, bí a ṣe ń ta ayò. Mo lè mu tíì tán kí n tó pinnu bóyá kí n fi idà gbá a tàbí kí n fi ewé wo ọgbẹ́. Ọmọbìnrin jagunjagun tí o fún ní orúkọ ara rẹ ń ṣe dáadáa. Ìpele kẹsàn-án ni o fi í sí, ó ti dé ìpele ogún.

Ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán géèmù náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo mọ ojú ẹni tó ń jí ìwé wò. Géèmù yóò kọ ọ́ síwájú mi gbangba pé bí mo bá sọ idà nígbà ọgọ́rùn-ún, yóò ba ọ̀tá nígbà márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo tẹ̀ ẹ́, idà fò kọjá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fò kọjá. Mo wá mú bírò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: nínú ogójì ìgbà, ó tàsé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ṣé ìṣirò nìyẹn? Àpò ọmọ náà kì í gbà ju ogún nǹkan lọ, ewé kan ṣoṣo àti idà gbọọrọ, ọ̀kan náà ni wọ́n ka méjèèjì sí. Òkúta tí a ti ń fi ibi tí a bá eré dé pamọ́ jìnnà síra wọn bí Ọ̀fà sí Òjòkú, bí iná bá sì lọ kí n tó dé ọ̀kan, a di pé à ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ajá igbó ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó yọ. Eré dídùn ni o, n kò sọ pé kò dùn. Mo kàn ń sọ pé ó ń rẹ́ mi jẹ.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni òkè yìnyín. Bí a bá ti débẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti kan Tófúnmi láti ṣe tirẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ń dín kù, ì báà má sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi ń kú lórí òkè yẹn. Mo ra idà tó dára jù lọ́jà wọn, mo ní bóyá a ó lè yára pa ọ̀tá kí ẹ̀mí tó tán. Pàbó ló já sí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo tan géèmù, mo tú àpò wò, idà kò sí. Ẹnì kan ti tà á! Ẹ̀wù òtútù onírun kan tó gùn dé kókósẹ̀ ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e wọ ọmọ náà lọ́rùn. Jagunjagun tí kò ní idà, tó wá gúnwà sínú ẹ̀wù bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ! Kì í ṣe ibi tí mo fi í sí ni mo bá a pàápàá. Mo jókòó, mo kàn ń wo gbogbo igun pálọ̀.

Ta ni kí n fura sí? Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ yẹn: èmi, màmá rẹ, àti Rídwàn tó máa ń wọlé wá wo bátìrì sólà. Màmá rẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀, nítorí láti ọjọ́ tí o ti lọ, kò sún mọ́ ohunkóhun tó jẹ́ tìrẹ. "Bàbá arúgbó tó ń bá àwòrán jà" ni ó ń pè mí. Ó wá ku Rídwàn. Mo pè é, mo ní kó sọ òótọ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà: "Daddy, wálàhí, n ò fọwọ́ kan géèmù yín. Fóònù mọ́kànlá ló ń retí mi nílẹ̀ yẹn, ṣé eré ni n ó wá jókòó máa ṣe?" Síbẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún mi láì jiyàn, èyí tó tún mú kí n fura sí i.

Mo wá dọ́gbọ́n àwọn olùṣọ́ ìdánwò. O mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ń ṣèpàdé ní Ìlémọ̀nà. Kí n tó jáde, mo kọ orí páàdì tí a fi ń darí géèmù sí apá Ìjàgbó, mo sì wọ́n páúdà díẹ̀ yí i ká. Nígbà tí mo padà dé, páàdì ti kọjú sí ibòmíràn, páúdà kò sí mọ́, tábìlì sì mọ́ tónítóní. Olè wo ló ń bá ènìyàn nu tábìlì?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kejì, mo wọ aṣọ ìpàdé mi, mo dágbére, mo gun ọ̀kadà. Ìjàgbó ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo sì padà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà, mo rọra yọjú lójú wíńdò.

Màmá rẹ ni mo rí. Orí ẹní ló jókòó sí, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó di páàdì mú bí ẹni di àwo ọbẹ̀ gbígbóná mú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ajá igbó bá yọ, ó sá. Ṣùgbọ́n ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè yìnyín, kò sí ẹni tí kò dúró kí. "Tófúnmi, kí wọn. Àgbà ni wọ́n." Oṣù mẹ́ta ni èmi fi ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ènìyàn yẹn kọjá, n kò kí ẹnì kan; èwo ni kí n máa kí àwòrán? Ìyá àgbà kan jókòó sétí kànga níbẹ̀. Ó kí i lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó kí i lẹ́ẹ̀kejì, ìyá náà ní òtútù ọdún yìí pọ̀. Ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá dìde, ó ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún un, ẹ̀wù onírun ló kún inú ilé náà. Mo wá mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti fi idà mi pààrọ̀ ẹ̀wù ọjọ́sí. Màmá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà bíi pé ó ń gbọ́, ó sì mú ọmọ náà gun òkè. Ẹ̀mí rẹ̀ kò dín kù rárá. Màmá rẹ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Má dúró pẹ́ síta o, Tófúnmi. Ṣé o ti jẹun?"

Mo sunkún lẹ́yìn wíńdò, ọmọ mi. N kò ní purọ́ fún ọ.

O mọ ìdí tí kò fi ń gbé fóònù rẹ láti oṣù méje. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí o lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ò ń lọ, ó sì bi ọ́ pé: "Ṣé èmi náà wà lára ayé tí ò ń sá fún ni?" Ó rò pé ìwọ lo pinnu bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun, nítorí mo fura pé yóò sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó bi ọ́, mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́, mo jẹ́ kí ìwọ rù ú. Mo ti fura sí géèmù, mo fura sí Rídwàn, mo fura sí ẹni tó bí ọ. Èmi tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ gan-an, kò sẹ́ni tó wọ́n páúdà sí mi nídìí.

N kò wọlé bá a. Mo padà sí títì, mo ra búrẹ́dì, mo dé ní àkókò tí mo máa ń dé. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Rídwàn, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, èmi ni mo kọ́ Mummy bí wọ́n ṣe ń tan án. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ ni."

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, n ó sì dé Ìlémọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Rídwàn yóò wá mú lẹ́tà yìí ní agogo mẹ́rin. Abẹ́ páàdì géèmù ni n ó fi í sí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. N kò ní lẹ ẹnu àpòòwé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tutù lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ò ń tọ́jú yóò yè, ìwọ náà yóò sì padà wá bá wa láyọ̀. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó jẹ̀bi,
Akínwándé.

Àfikún: Tófúnmi, ọwọ́ màmá rẹ nìyí. Mo ti ka lẹ́tà yìí tán. Bàbá rẹ rò pé òun gbọ́n, ṣé n kò mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni? Èmi àti òun yóò sọ̀rọ̀ bó bá ti Ìlémọ̀nà dé, kí o má dá sí i. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ nínú géèmù yẹn, ṣé o ní irú rẹ̀ lọ́hùn-ún? Èyí tó dé kókósẹ̀ ni mo ń wí. Pè mí. N ó gbé e.