Bàámi, Ẹ̀yin Ni Gbogbo Etíkun Ń Pè

Bàámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó ẹnu ọ̀nà, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkè Ẹfọ̀n. Màámi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Fẹ́mi àbúrò mi, ṣé ara le? Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti jáde nílé kí wọ́n tó ka ìlà yìí, ẹ ó sì padà wọlé láìpẹ́ torí ẹ ti gbàgbé nǹkan.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń rí lẹ́tà mi. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, Fẹ́mi nìkan ni yóò kà á, yóò sì sọ ìdajì rẹ̀ fún yín. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò bá mi gbọ́ ọ, títí kan àwọn tó sọ pé ọmọbìnrin tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àkókò ló ń fi ṣòfò.

A ti pegedé, Bàámi! Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló wà ní ìsọ̀rí wa, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa lọ sí ìdíje bọ́ọ̀lù orí iyanrìn ti àwọn obìnrin Áfíríkà, àwa sì ni. Ọmọ yín ló ṣọ́lé.

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti bá ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Adó sọ̀rọ̀, pé ààyè olùkọ́ ti wà nílẹ̀ fún mi, pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n máa bọ̀ nílé. Mo bẹ̀ yín títí. Ẹ wá ní ó dáa, bí a bá pegedé, ẹ ò ní bá mi fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Bí a kò bá sì pegedé, kí n di ẹrù mi. Mo gbà. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kì í yẹ àdéhùn, èmi tí ẹ bí náà kò sì ní lè yẹ ẹ́.

Ẹ máa ń béèrè pé kí gan-an ni mo ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní Ìjànìkín, ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í sùn pẹ̀lú ebi. Bí mo bá jáde níbẹ̀ lọ́sàn-án, etíkun ni mo ń gbà lọ fún ìgbáradì. Iyanrìn òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ tiwa. Èmi tí mo ń sáré gun òkè láti kékeré, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sáré lórí iyanrìn yìí, ńṣe ni mo jókòó pẹ̀tẹ̀, tí mo ń wá èémí. Atẹ́gùn ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, ó ń jẹ irin, ó ń jẹ páànù, ó sì ń bó èèyàn létè. Òjò tó bá ti ojú òkun wá kì í dúró kí èèyàn ká aṣọ.

Ṣùgbọ́n àárò ilé ló le jù. Ọmọ Ègùn ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn ṣàwàdà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹnu wọn. Sènámì, balógun ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ọmọ apẹja ni, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní Ajídò. Ó ní òun á kọ́ mi ní èdè Ègùn, ṣùgbọ́n èmi náà gbọ́dọ̀ máa sọ ìtàn ilé wa fún wọn. Bàámi, mo tú àṣírí gbogbo yín. Wọ́n mọ̀ pé ẹ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo ọmọ yóò fi wọlé tán. Wọ́n mọ̀ pé Màámi kò lè se ọbẹ̀ kí wọ́n má bù ú ránṣẹ́ sí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n mọ̀ pé Fẹ́mi kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù kó tó gbé e mì. Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó máa ń jáde, tó sì máa ń yí padà lójijì wá mú ohun tó gbàgbé, òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé bàtà, wọ́n á ní Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti dé.

Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n yàn láti ṣojú orílẹ̀-èdè wa nínú ìdíje náà, etíkun wa níbí ni wọ́n sì gbé e wá. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀, mo ti gbọ́ Ègùn tó èyí tí mo lè fi darí eré. Aṣọ́lé ló ń rí gbogbo pápá, èmi ni mo sì ń ké sí àwọn tó wà níwájú pé ibi báyìí ni kí wọ́n gbà. Inú kóòṣì wa, ọmọ Ìbàdàn, dùn gan-an. Ó ní bí a bá ń fi Ègùn sọ̀rọ̀, ta ló máa gbọ́? Òótọ́ sì ni. Àwọn ará Gánà kò gbọ́, a nà wọ́n. Àwọn ará Gáńbíà kò gbọ́, a na àwọn náà. Ó wá ku Bẹ̀nẹ̀, àwọn náà sì ti na àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá borí láàárín àwa àti Bẹ̀nẹ̀ ló ń lọ.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ìhà ibí yìí á ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣebí ọmọ ìyá ni Ègùn Àgbádárìgì àti Ègùn Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, ààlà ìjọba ló là wọ́n láàárín. A mọ̀ o. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a fi jọ wà nínú ọgbà kan náà, Faransé nìkan ni àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ yìí ń sọ. Sènámì tilẹ̀ fi Ègùn kí wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n wò ó bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n sì fi Faransé dá a lóhùn. Ó padà wá sọ fún wa pé àwọn ará apá òkè orílẹ̀-èdè wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n kó wá, pé kò sí Ègùn kankan nínú wọn. Ọkàn wa balẹ̀.

Bàámi, wọ́n gbọ́ ọ! Ìpín mẹ́ta ni wọ́n ń pín eré orí iyanrìn sí. Nínú méjì àkọ́kọ́, gbogbo ibi tí mo bá ní kí Sènámì gbà, ẹnìkan ti dúró síbẹ̀ dè é. Góòlù mẹ́ta wọlé sí mi lára, ẹyọ kan péré la ní. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú àwọ̀n, atamátàsé wọn sún mọ́ mi, ó fi Ègùn tó mọ́ kedere sọ pé kí n jọ̀ọ́ máa ké sókè dáadáa, pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn.

Mo rí ara mi ní Adó, mo rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a jáde fún ìsinmi, kóòṣì ní kí a kúkú máa sọ Yorùbá. Sènámì ní Yorùbá tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń sọ dán ju ti òun lọ. Ẹnìkan ní Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà lẹ́nu ààlà ní Sẹ̀mẹ̀ nìyẹn. Fèrè dún pé kí a padà wọlé. A ti ń lọ nígbà tí ọ̀kan nínú wa yí padà sáré wá mú ìbọ̀sẹ̀ tó gbàgbé, ẹnìkan sì sọ láìronú, bí ìṣe wa, pé Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti dé. Mo wo Sènámì, Sènámì wò mí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lójú ẹsẹ̀ la fi ará ilé mi pín eré. Bí mo bá ké Màámi, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kọjá sí òdìkejì. Bí mo bá ké Fẹ́mi, kí ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bá gbá a wọlé láìdúró. Bí mo bá ké Àǹtí Bọ́sẹ̀, kó ṣe bí ẹni ń lọ, kó yí padà lójijì. Bí mo bá sì ké Bàámi, kí gbogbo wọn wá dúró sẹ́nu ilé, kí ẹnikẹ́ni má kúrò. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé, wọ́n ti mọ̀ yín tipẹ́. Ẹ kíyè sí i o, ẹ̀yin òbí mi, n kò pe orúkọ àbísọ yín. Èèwọ̀ ni, bí Bẹ̀nẹ̀ tilẹ̀ ń nà wá.

Màámi ló kọ́kọ́ jẹ́. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó di méjì. Mo ké sí Àǹtí Bọ́sẹ̀, Sènámì yí padà, àwọn tó ń lé e sì ń sáré lọ ní tiwọn bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó di mẹ́ta. Atamátàsé wọn kọjú sí mi, ó ń béèrè pé èdè wo nìyẹn. Kí n tó ronú èsì, ọ̀kan nínú wa ti gbá bọ́ọ̀lù sókè níwájú ilé wọn, mo fi gbogbo ọ̀fun ké Fẹ́mi, Sènámì sì fò sókè, ó dojú kọ ọ̀run, ó gbá a gba orí ara rẹ̀ kọjá. Ó di mẹ́rin.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Bàámi! Bàámi! Gbogbo wọn padà wá sẹ́nu ilé. Bẹ̀nẹ̀ gbá a lọ́tùn-ún, mo fi ẹsẹ̀ gbà á. Wọ́n gbá a lósì, ó lu Sènámì ní àyà, ó padà. Mo ń pè yín, mo ń sunkún, mo tún ń pè yín. Àwọn obìnrin Ajídò tó wá wòran rò pé ìdààmú ló bá mi tí mo fi ń ké pe bàbá mi, àánú mi ṣe wọ́n, ni wọ́n bá ń bá mi ké e. Kí a tó mọ̀, gbogbo etíkun, Ègùn àti Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló ń ké Bàámi, títí rẹfirí fi fun fèrè. Bàámi, n kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Atamátàsé wọn wá dì mọ́ mi. Mo sọ fún un pé kì í ṣe èdè, ará ilé mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyanrìn, ó ní kí n bá òun kí yín, ó ní agbo ilé náà le. Ìyá Sènámì ní tirẹ̀ ti di ẹja yíyan fún yín. Mo máa mú un wá fúnra mi, nítorí mo ń bọ̀ wá kí yín kí a tó wọ àgọ́ ìgbáradì, kí ẹ lè gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará òdìkejì títì, ẹ kí àwọn tó sọ pé mò ń fi àkókò ṣòfò náà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, Bàámi. Ayọ̀ ni yóò máa gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ jókòó sí wọlé. Màámi, ẹ ó jèrè wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ti Adó, kí wọ́n fi ààyè náà fún ẹlòmíì. Mo ti níṣẹ́.

Ọmọ yín, aṣọ́lé,
Títílayọ̀