Sìmẹ́ǹtì Orí Ẹ̀wà

                                        Ilé Olùkọ́ Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àbúrò rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti ṣe ìdánwò tán? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà. Nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ kẹ́yìn, mo ní ọgbà tí ìwọ àti àwọn ọmọ gbìn sẹ́yìn kíláàsì kejì ń ṣe dáadáa. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Kò sí ọgbà mọ́. Mo ti ní kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì bò ó nígbà họlidé.

O mọ̀ mí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni o ti ń pè mí ní Ìyá Ìmọ́tótó, tí o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá kú, màá dìde gbá orí sàréè mi. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí mo di hẹ́ẹ̀dì, ni a gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wá ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ́ jù. Òjò ń rọ̀, àwọn ọmọ ń gbé ẹrẹ̀ wọ kíláàsì, àwọn òbí kan sì ń ráhùn nítorí yunifọ́ọ̀mù. Mo pe bíríkìlà. Òun gan-an dúró, ó ní, "Mà, ẹ̀wà yìí ti yọ òdòdó o." Mo ní kó máa da tiẹ̀ lọ.

A gba ipò kìíní. Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri ọ́fíìsì mi, mi ò sì fẹ́ gbójú sókè wò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Sìmẹ́ǹtì ni èmi dà síwájú, ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn ọmọ ń tẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, kò sẹ́ni tó lè dúró níbẹ̀. Inú kíláàsì ni wọ́n máa ń há mọ́ báyìí tí agogo ìsinmi bá lù, wọ́n sì ń ja ìjà tí wọn kì í jà tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ti Kẹ́lẹ́. O rántí rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odindi sáà kan lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, títí di ọjọ́ tí o kó wọn jáde lọ ka ewé, tó sọ fún ọ pé ewé ẹ̀wà òun ti di mẹ́fà. Ibẹ̀ ló ti mọ ìṣirò, ibẹ̀ ló ti ń kàwé sókè. Láti ìgbà tí a wọlé padà, ó ti tún dákẹ́. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ wá bá mi pé inú máa ń run ún láràárọ̀, pé kò fẹ́ wá sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Mo ní kó fún un ní oògùn aràn. Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, síbẹ̀ oògùn aràn ni mo sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Kẹ́lẹ́ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Ó ní, "Mà, ta ló ní kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sórí ẹ̀wà mi?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ láti ìgbà tí a wọlé nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni. Ó ní, "Hẹ́n," ó lọ.

Àárọ̀ òní ló mú ìwé kan wá, pé kí n bá òun fi jíṣẹ́ fún wọn. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀ wa. Ẹ má bínú sí hẹ́ẹ̀dì wa. Wọ́n fẹ́ràn ọgbà wa, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́."

Mo tilẹ̀kùn, mo sunkún. Ojú ń tì mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ọdún méje ló lé e bá, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti bá a.

Mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, á wá fọ́ sìmẹ́ǹtì náà lọ́jọ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, fi irúgbìn ẹ̀wà díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí o fún wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n fífọ́ ọ kọ́ ló le. Kò sí ọ̀gá ọ́fíìsì kankan tí màá jẹ́ iṣẹ́ Kẹ́lẹ́ fún. Èmi ló kọ lẹ́tà yẹn sí, ó sì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́la, nígbà tí àwọn ọmọ bá tò sórí ìlà, màá dá a lóhùn lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò mọ̀ bóyá á tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì bá mi tọ́jú orúnkún yẹn. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n kọ̀wé sí mi.

                                        Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,
                                        Ìyá Ìmọ́tótó.