Omi Ìsun Wa Lọ́wọ́ Káyọ̀dé

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Orúnkún mi wà nílẹ̀ níbí ní Becontree nílùú òyìnbó, bí ẹ ò tilẹ̀ rí mi. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí wọ́n má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo kí àbúrò yín tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kí ìyàwó Káyọ̀dé àti ọmọ tuntun tí n kò tíì gbé rí.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Barking, torí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń sọ pé dáadáa ni mo wà, màá sì yára pa á. N kò wà dáadáa, Màmá. Mò ń jowú Káyọ̀dé, àbúrò mi. Òun náà á rí i kà. Kó kà á.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí páìpù bá bẹ́ ládùúgbò kan tí omi sì dá, ilé iṣẹ́ wa ló ń gbé omi inú ike lọ fún àwọn ará ibẹ̀. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn yín tó mú, omi dá nítòsí Mayesbrook. Òjò ń rọ̀, òjò ibí tí kì í pariwo, tó kàn ń wọ ènìyàn légungun. Ìyá òyìnbó kan ní kí n bá òun gbé tòun dé ilé ìdáná. Mo gbé e. Ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà tí mo padà sínú ọkọ̀ ni mo rí fídíò tí Káyọ̀dé fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀, ẹ ń bu omi ẹ̀rọ sójú, ẹ ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn sì ń pe Káyọ̀dé ní Bàbá Olómi. Èmi tí mo ti ń gbé omi kiri láti àárọ̀, ẹnì kan ò pè mí ní ìyá nǹkan kan.

Kí ẹni tó ń kà á ní Barking lè mọ̀: orí òkè ni ìlú wa wà ní Èkìtì, ìsun kan ni gbogbo wa ń mu. Nígbà tí àwọn olówó kọ́ ilé ìgbafẹ́ sókè, ẹ̀rọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìsun náà, kànga ìsàlẹ̀ sì gbẹ. Ìlú fi Káyọ̀dé, tó jẹ́ tíṣà, ṣe alága ìgbìmọ̀ omi. Ó bá wọn jà títí wọ́n fi gbà pé ìlú ló ni ìsun, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ fà á, àfi kí wọ́n gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ fún wa dípò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Èmi ni mò ń sọ ní kékeré pé màá fa omi dé ilé wa. Káyọ̀dé ò fẹ́ràn kó pọnmi rárá, ẹ̀yin náà mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ó pè mí. Ó ní omi kànga tuntun náà ti ń fà sẹ́yìn, àlejò Kérésìmesì sì ti ń dé. Máníjà ilé ìgbafẹ́ fẹ́ máa fa ìsun lọ, kó fi táńkà gbé omi wá fún ìlú. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti fẹ́ gbà. Ó béèrè báwo la ṣe ń ṣe é níbí. Mo fẹ́ kó kùnà, Màmá. Mo fẹ́ kí omi dá, kí wọ́n rántí pé ẹnì kan wà tó mọ iṣẹ́ náà. Mo ní ọ̀gá ń pè mí, mo pa fóònù.

Mo jókòó síwájú àwókù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Abbey, mò ń jẹ ìrẹsì tó ti tutù. Ẹ̀yin ni mo ń rò, bẹ́ẹ ṣe máa gbé korobá gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Mo pè é padà. Mo ní kó yẹ omi táńkà wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Mo ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ ilé ìgbafẹ́ pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìlú: bí táńkà ò bá tíì dé, wọn ò gbọdọ̀ fa ìsun. Ó ní ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi.

Máníjà kọ̀. Ni Káyọ̀dé bá kó ìlú lọ sókè, ẹ̀yin ìyá jókòó ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú korobá yín títí máníjà fi gbà. Ẹ̀yin lẹ ròyìn rẹ̀ fún mi, bí wọ́n ṣe gbé Káyọ̀dé sí èjìká, ohùn yín ń lọ sókè. Ẹ ò mọ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Mo bi Káyọ̀dé bóyá ó sọ fún yín pé èmi ni. Ó ní ariwo ló pọ̀ jù.

Inú mi dùn pé ẹ rí omi mu. Inú mi ṣì ń ta.

Kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ẹsẹ̀ yín le, kí Bàbá jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Káyọ̀dé, o ṣe é dáadáa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Màmá, bẹ́ẹ bá kúnlẹ̀ àdúrà lálẹ́ òní, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Èmi lẹ kọ́kọ́ bí.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀