Ewúrẹ́ Kò Ní Ìyá Àgbà

Òkè Balógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2004.

Ṣàmsúdéènì ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú ìwọ àti ìyàwó rẹ nínú ilé yín ní Agric. Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, n kò sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní wàá wá mú Lateefah ọmọ rẹ lọ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń gbé láàárín ewúrẹ́ àti èéfín ẹja, ọgbọ́n rẹ̀ kò ní ju ti ewúrẹ́ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí ọgbọ́n ènìyàn ju ti ewúrẹ́ lọ fún ọ, ó jọ pé wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé.

Ewúrẹ́ mi bímọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí n tó fọwọ́ tán, ọmọ rẹ̀ ti dìde, ó ti ń wá ọmú. Gbogbo ohun tó máa mọ̀ láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán lọ́jọ́ náà. Lateefah lo oṣù mẹ́rìnlá kó tó rìn, ẹ̀yìn mi ló sì wà. Ẹ ní ó pẹ́. Pípẹ́ yẹn gan-an ni ọgbọ́n ń bá wọlé. Ọmọ tí kò lè sá lọ, ó di dandan kó máa wò. Ó ń wo bí mo ṣe ń to igi sábẹ́ ẹja, ó ń gbọ́ bí èmi àti àwọn oníbàárà ṣe ń dúnàádúrà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa igi tútù kan yọ nínú iná kí n tó rí i. Ó wá sọ fún ọmọ Rodiat, aládùúgbò wa, pé, "Èyí á jẹ́ kí ẹja korò. Má fi síbẹ̀ mọ́." Ewúrẹ́ wo ló ń kọ́ ọmọ ẹlòmíì?

Tíṣà Tìrìmísíyù ní iná tí àwọn baba ńlá wa fi se oúnjẹ ló jẹ́ kí ọpọlọ wọn tóbi. Mo ní ó dáa, ta ló jókòó ti iná nígbà tí wọ́n lọ ṣọdẹ? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo dáhùn. Arúgbó obìnrin ni. Ewúrẹ́ ń bímọ títí tó fi kú. Ọlọ́run dá ọmọ bíbí dúró lára tiwa, kò sì gba ẹ̀mí wa. Nítorí kí ni? Kí a lè ráyè tọ́ ọmọ ọmọ wa ni. Nígbà tí mo ń bá ọkọ̀ ojú omi kó ẹja lọ sí Ipakodo, ìyá mi ló kọ́ ìwọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ. Òun náà kò kàwé. Ṣé o wá di ewúrẹ́?

Ta ló máa wà nílé yín? Aago márùn-ún àárọ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ń jáde lọ síṣẹ́ l'Ékòó, ó di alẹ́. N kò ní kó ẹrù ọmọ jọ dè ọ́. Bí o bá fẹ́ wá, wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kí o sùn. Jókòó ti iná, kí Lateefah máa kọ́ ọ. Bí kò bá kọ́ ọ ní ohun tí o kò mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, máa mú un lọ. Èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O kò ní ṣìnà, ọmọ rẹ náà yóò tọ́jú rẹ dọjọ́ alẹ́.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Fàlílátù.

Mo tún rántí: ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Má fi bírò pupa tún un ṣe kí o dá a padà sí mi bíi ti ìjọsí.